Ẹ̀kọ́ Nípa Cyprian, Bíṣọ́ọ̀bù Kátéèjì: Ẹni Tí Ó Ṣubú, Ǹjẹ́ Ó Lè Padà Wálé?

Ibi kíkà nínú Bíbélì: Lúùkù 15:11-32, Lúùkù 22:54-62, Jòhánù 21:15-17, Gálátíà 6:1-5.



Ọ̀pọ̀ nínú wa mọ ìtàn àwọn àpọ́sítélì. A mọ Pétérù, a mọ Pọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n bí a bá bi wá pé lẹ́yìn tí àwọn wọ̀nyí ti sùn nínú Olúwa, ta ni ó gba ẹrù náà rù, a ó máa wo ojú ara wa. Àwọn mìíràn tilẹ̀ rò pé òyìnbó ni ó kọ́kọ́ gba ìgbàgbọ́, kí wọ́n tó wá gbé e wá fún Áfíríkà. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Kí ìhìnrere tó dé ọ̀pọ̀ nínú ilẹ̀ òyìnbó, ìjọ ti wà ní apá àríwá Áfíríkà. Ó ní bíṣọ́ọ̀bù, ó ní ìwé, ó sì ní àwọn tí ó fi ẹ̀mí ara wọn jẹ́rìí. Ọ̀kan nínú àwọn bíṣọ́ọ̀bù náà ni a ó kọ́ nípa rẹ̀ lónìí. Cyprian ni orúkọ rẹ̀.

Kì í ṣe kí a lè gbọ́ ìtàn nìkan ni a fi mú un wá. Ọ̀ràn kan wà tí ó dojú kọ ọkùnrin yìí, ọ̀ràn náà kò sì tíì kúrò láàrin wa: kí ni ìjọ yóò ṣe sí ará tí ó ṣubú, tí ó sì ń sunkún pé òun fẹ́ padà?

ÌLÚ RẸ̀ ÀTI IṢẸ́ RẸ̀

Kátéèjì jẹ́ ìlú ńlá ní etí òkun, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Tùnísíà lónìí. Ní ayé ìgbà náà, abẹ́ ìjọba Róòmù ni ó wà, èdè Látìnì sì ni wọ́n fi ń ṣe ìwé àti ìdájọ́ níbẹ̀. Nǹkan bí ọdún 200 sí 210 lẹ́yìn ìbí Olúwa wa ni wọ́n bí Cyprian. Ilé ọlọ́rọ̀ ni ó ti wá, àwọn ènìyàn rẹ̀ kò sì mọ Kristi. Òrìṣà Róòmù ni wọ́n ń sìn.

Ó kàwé púpọ̀. Ó di olùkọ́ tí ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ bí a ti í sọ̀rọ̀ níwájú ọ̀pọ̀ ènìyàn àti níwájú adájọ́. Iṣẹ́ ọlá ni iṣẹ́ yìí ní àkókò wọn. Ó ní owó, ó ní ilé, ó ní ọgbà dáradára kan, àwọn ènìyàn ńlá sì ni ọ̀rẹ́ rẹ̀. Bí ó bá ń kọjá lọ, wọ́n á máa kí i.

Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé kan tí ó fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ń jẹ́ Donatus. Ó ní nígbà tí wọ́n ń sọ fún òun pé ènìyàn lè di àtúnbí, òun rò pé kò ṣeé ṣe. Báwo ni ẹni tí ó ti mọ́ lára láti máa jẹun ọlọ́lá yóò ṣe kọ́ àwẹ̀? Báwo ni ẹni tí ń wọ aṣọ olówó iyebíye yóò ṣe padà wọ aṣọ lásán? Ẹ̀ṣẹ̀ ti di ara mọ́ òun lára.

Alàgbà kan tí ń jẹ́ Caecilius ni Ọlọ́run lò fún un. Bàbá àgbàlagbà ni, kò lókìkí bí Cyprian, ṣùgbọ́n ó mọ Olúwa. Nǹkan bí ọdún 246 ni Cyprian gba ìrìbọmi. Ó jẹ́rìí pé lẹ́yìn omi náà, ohun tí òun rò pé kò ṣeé ṣe di ṣíṣe. Ó mú orúkọ bàbá yìí mọ́ tirẹ̀, kí ó má baà gbàgbé ẹni tí ó bí i nínú ẹ̀mí. Ó tà nínú ohun ìní rẹ̀, ó sì pín owó náà fún àwọn tálákà.

Ṣé ẹ rí i? Ọ̀mọ̀wé ńlá jókòó lábẹ́ ẹsẹ̀ alàgbà kan láti kọ́ ọ̀nà ìyè. Ìwé kíkà dára, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ó gbé wa ju ẹni tí ó mọ Ọlọ́run ṣáájú wa lọ.

BÍ Ó ṢE DI BÍṢỌ́Ọ̀BÙ

Kò pẹ́ tí ó gba ìrìbọmi tí bíṣọ́ọ̀bù Kátéèjì kú. Ní nǹkan bí ọdún 248 tàbí ìbẹ̀rẹ̀ 249, àwọn ará ìjọ pariwo pé Cyprian ni àwọn fẹ́. Díákónì rẹ̀ tí ń jẹ́ Pontius, tí ó kọ ìtàn ayé rẹ̀, sọ pé ó fà sẹ́yìn, pé kí wọ́n fi í fún àgbà tí ó ti pẹ́ nínú ìgbàgbọ́. Àwọn ènìyàn kò gbà. Wọ́n dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ títí ó fi gbà.

Ṣùgbọ́n alàgbà márùn-ún wà tí inú wọn kò dùn. Ẹni tí ó dé lánàá, ó wá di olórí wa? Ìlara bẹ̀rẹ̀, kò sì tán bọ̀rọ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí yóò ṣiṣẹ́ níwájú.

ÀṢẸ KÉSÁRÌ DECIUS

Kò tíì lo ọdún méjì lórí oyè tí ìjì fi dé. Késárì Decius gba ìjọba Róòmù ní ọdún 249. Ìjọba náà ń mì: ogun ń bẹ lẹ́nu ààlà, owó kò níyì mọ́. Ó rò pé bí gbogbo ènìyàn bá bọ àwọn òrìṣà Róòmù, ohun gbogbo yóò tún rọgbọ. Ó pàṣẹ pé kí olúkúlùkù lọ síwájú àwọn ìjòyè, kí ó rúbọ, kí ó sun tùràrí, kí ó jẹ nínú ẹran ẹbọ. Bí ó bá ti ṣe é, wọ́n á fún un ní ìwé ẹ̀rí tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí, pé ẹni yìí ti rúbọ lójú wa. Àwọn tí ń walẹ̀ ní Íjíbítì ti rí irú ìwé bẹ́ẹ̀ tí ó lé ní 40, tí ó ti wà nínú iyanrìn láti ìgbà náà. A lè ka orúkọ àwọn ènìyàn náà títí di òní.

Ẹni tí kò bá ní ìwé náà, ó di ẹlẹ́wọ̀n. Wọ́n á na àwọn kan, ebi àti òùngbẹ á pa àwọn mìíràn nínú ẹ̀wọ̀n, wọ́n á gba ohun ìní àwọn mìíràn. Ní Róòmù, wọ́n pa bíṣọ́ọ̀bù Fabian ní ọjọ́ 20 oṣù kìíní ọdún 250.

Kí ni ó ṣẹlẹ̀ ní Kátéèjì? Ẹ̀yin ará, ìtìjú ni láti sọ ọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ará ìjọ sáré lọ rúbọ kí ẹnikẹ́ni tó mú wọn. Cyprian kọ ọ́ pé àwọn kan ń bẹ àwọn ìjòyè pé kí wọ́n má sọ ọ́ di ọ̀la, nígbà tí ilẹ̀ ti ṣú tí iṣẹ́ kò tíì tán. Àwọn kan fa ìyàwó àti ọmọ wọn lọ́wọ́ lọ. Àwọn mìíràn kò rúbọ, ṣùgbọ́n wọ́n fún ìjòyè ní owó abẹ́lẹ̀, wọ́n gba ìwé ẹ̀rí irọ́, wọ́n sì ń sọ nínú ọkàn wọn pé àwọn kò jẹ ẹran ẹbọ, ẹ̀ṣẹ̀ dà?

Ṣùgbọ́n àwọn kan dúró. Wọ́n nà wọ́n, wọn kò sẹ́. Ìjọ ń pe àwọn wọ̀nyí ní olùjẹ́wọ́, wọ́n sì bu ọlá ńlá fún wọn.

Ó SÁ: ṢÉ Ó ṢE RERE?

Nígbà tí àṣẹ yìí jáde, àwọn kèfèrí ní Kátéèjì ń pariwo pé kí wọ́n ju Cyprian fún kìnnìún. Cyprian kúrò ní ìlú, ó fi ara pamọ́. Àwọn ọ̀tá rẹ̀ rí ọ̀rọ̀ sọ. Àní àwọn alàgbà Róòmù pàápàá kọ̀wé tí ó ní ẹ̀gún nínú, bí ẹni pé olùṣọ́ àgùntàn ti sá fún ìkookò.

Kí ni ìdáhùn rẹ̀? Ó ní bí òun bá dúró, àwọn èrò tí ń bínú sí òun yóò bá gbogbo ìjọ jà, àti pé Olúwa fúnra rẹ̀ kọ́ wa ní Mátíù 10:23 pé ènìyàn lè kúrò ní ìlú tí wọ́n ti ń ṣe inúnibíni. Ó kúrò lójú wọn, kò kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Láti ibi tí ó wà, ìwé rẹ̀ ń jáde: ẹ tọ́jú àwọn tí ó wà lẹ́wọ̀n, ẹ má jẹ́ kí ebi pa àwọn opó, ẹ fi owó mi tí ó wà lọ́wọ́ alàgbà kan ran àwọn àlejò lọ́wọ́, ẹ kọ ọjọ́ tí àwọn ajẹ́rìí kú sílẹ̀, kí a lè máa rántí wọn.

Ẹnìkan lè sọ pé ọ̀rọ̀ lásán ni. Ẹ fi sùúrù gbọ́ ìtàn náà dópin. Bí ènìyàn ṣe kú ni a fi ń mọ bí ó ti sá.

ÀWỌN TÍ Ó ṢUBÚ

Nígbà tí ìjì náà ń rọlẹ̀, àwọn tí ó ti rúbọ bẹ̀rẹ̀ sí í padà. Ojú ń tì wọ́n, wọ́n ń sunkún, wọ́n fẹ́ jẹ oúnjẹ Olúwa. Ibẹ̀ ni wàhálà gan-an ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ìjọ pín sí mẹ́ta.

Àwọn èkíní ní: ẹ jẹ́ kí wọ́n wọlé kíá. Wọ́n lọ bá àwọn olùjẹ́wọ́ nínú ẹ̀wọ̀n, wọ́n gba ìwé àlàáfíà lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì ń fi ìwé náà halẹ̀ mọ́ àwọn alàgbà. Ó burú tó bẹ́ẹ̀ tí ìwé kan á sọ pé kí wọ́n gba lágbájá àti gbogbo ará ilé rẹ̀. Ta ni ará ilé rẹ̀? Ogún ènìyàn? Ọgbọ̀n? Kò sẹ́ni tí ó mọ̀. Àwọn alàgbà márùn-ún tí ń jowú ọjọ́sí ni ó wà lẹ́yìn èyí, pẹ̀lú díákónì kan tí ń jẹ́ Felicissimus. Wọ́n ń gba ẹlẹ́ṣẹ̀ láìsí ìrònúpìwàdà, kí èrò lè pọ̀ lẹ́yìn wọn.

Àwọn èkejì ní: ilẹ̀kùn ti tì. Alàgbà kan ní Róòmù, Novatian, ọ̀mọ̀wé ni òun náà. Nígbà tí wọ́n yan Cornelius ṣe bíṣọ́ọ̀bù Róòmù ní ọdún 251, Novatian kọ̀, ó fi ara rẹ̀ jẹ bíṣọ́ọ̀bù kejì. Ó ní ẹni tí ó bá ti rúbọ sí òrìṣà, ìjọ kò ní àṣẹ láti gbà á mọ́ láé, ìbáà máa sunkún títí ọjọ́ ikú rẹ̀.

Àwọn ẹ̀kẹta ni ti Cyprian. Lẹ́yìn Àjíǹde ọdún 251, ó padà sí Kátéèjì, ó sì pe àwọn bíṣọ́ọ̀bù Áfíríkà jọ. Wọ́n ṣí Ìwé Mímọ́, wọ́n gbọ́ tẹ̀gbọ́ntàbúrò. Ohun tí wọ́n fi ẹnu kò sí nìyí: kí a má ti ilẹ̀kùn, kí a má sì ṣí i gbayawu. Kí a gbọ́ ẹjọ́ olúkúlùkù lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ wo ọgbọ́n tí ó wà nínú èyí. Cyprian kọ̀wé sí bíṣọ́ọ̀bù kan tí ń jẹ́ Antonianus pé ẹni tí ó sáré lọ síbi ẹbọ fúnra rẹ̀, àti ẹni tí ó bá wọn jà títí kí ó tó ṣubú, wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹni tí ó kó ìyàwó, ọmọ àti ìránṣẹ́ rẹ̀ lọ síbi ẹbọ, àti ẹni tí ó dá nìkan lọ kí wọ́n lè fi ilé rẹ̀ sílẹ̀, tí ó sì gba àwọn ará tí wọ́n ń lé kiri sínú ilé rẹ̀, ǹjẹ́ a lè fi ọ̀pá kan náà wọn wọ́n? Nítorí náà, àwọn tí ó ra ìwé ẹ̀rí, tí wọn kò rúbọ, bí wọ́n bá ti ronú pìwà dà, kí a gbà wọ́n. Àwọn tí ó rúbọ, kí wọ́n máa bá ìrònúpìwàdà lọ, ṣùgbọ́n kí a má jẹ́ kí wọ́n kú láìgba àlàáfíà ìjọ. Kò pẹ́ sígbà náà tí inúnibíni mìíràn fẹ́ dé. Àwọn bíṣọ́ọ̀bù tún jókòó, wọ́n ní kí a gba gbogbo àwọn tí kò tíì dáwọ́ ìrònúpìwàdà dúró, kí wọ́n lè rí agbára dúró lójú ogun. Ẹni tí a kò fún ní oúnjẹ, báwo ni yóò ṣe jà?

Àwọn àgbà wa ní bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, à á fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Novatian ní ọwọ́ òsì nìkan. Felicissimus ní ọwọ́ ọ̀tún nìkan. Cyprian lo méjèèjì.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ó fi ojú kékeré wo ẹbọ náà. Nínú ìwé rẹ̀ nípa àwọn tí ó ṣubú, ó sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lójú rẹ̀. Àwọn òbí kan sá, wọ́n fi ọmọbìnrin wọn kékeré sílẹ̀ lọ́dọ̀ olùtọ́jú. Olùtọ́jú náà gbé ọmọ lọ síwájú àwọn ìjòyè. Ọmọ náà kò tíì lè jẹ ẹran, wọ́n bá fún un ní àkàrà tí wọ́n rẹ sínú wáìnì ẹbọ. Nígbà tí ìyá rẹ̀ dé, kò mọ nǹkan kan, ó gbé ọmọ wá sínú ìjọ. Bí wọ́n ti ń gbàdúrà ni ọmọ ń ké, tí ó ń ta kìjí. Nígbà tí díákónì gbé ago Olúwa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ọmọ yí ojú padà, ó pa ẹnu mọ́. Díákónì fi agbára dà díẹ̀ sí i lẹ́nu, ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í pòfóló, ó sì bì í jáde. Bí ọmọ tí kò lè sọ̀rọ̀ bá lè tú àṣírí ohun tí wọ́n ṣe fún un, kí ni àgbàlagbà tí ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, tí ó sì ń bọ̀ wá síbi tábìlì bí ẹni pé kò sí nǹkan kan?

ÀJÀKÁLẸ̀ ÀRÙN

Ní àwọn ọdún náà ni àrùn burúkú kan bo gbogbo ìjọba Róòmù. Àwọn òpìtàn ń fi orúkọ Cyprian pe àrùn náà títí di òní, nítorí òun ni ó kọ àmì rẹ̀ sílẹ̀ jùlọ: inú ń ṣí láìdáwọ́ dúró, ènìyàn ń bì, ojú ń pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, ọ̀nà ọ̀fun ń jóni bí iná, ẹsẹ̀ ẹlòmíràn ń rà, òmíràn fọ́jú, òmíràn di adití. Ní Kátéèjì àwọn ènìyàn ń gbé aláìsàn ti ara wọn jù síta. Òkú wà ní ìgboro. Àwọn olè sì ń wọ ilé àwọn tí ó kú.

Cyprian pe ìjọ jọ. Ó ní bí a bá ń ṣe rere sí àwọn tiwa nìkan, kí ni a fi sàn ju kèfèrí lọ? Ó pín iṣẹ́ fún wọn. Ẹni tí ó lówó mú owó wá. Tálákà tí kò lówó mú ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ wá. Wọ́n tọ́jú onígbàgbọ́, wọ́n tọ́jú kèfèrí, àní àwọn tí ó pariwo lánàá pé kí wọ́n ju bíṣọ́ọ̀bù fún kìnnìún.

Àwọn ará kan ń ráhùn pé: a gba Kristi, èé ṣe tí àrùn náà fi ń pa àwa pẹ̀lú? Cyprian kọ ìwé kan fún wọn nípa ikú. Ó kọ́ wọn pé níwọ̀n ìgbà tí a wà nínú ara, ohun tí ń ṣe ara gbogbo ènìyàn yóò máa ṣe tiwa: bí òjò kò bá rọ̀, oko onígbàgbọ́ pẹ̀lú yóò gbẹ. Ìyàtọ̀ wà nínú bí a ti ń gbà á, nítorí àwa mọ ilé tí à ń lọ.

ÀWỌN TÍ WỌ́N KÓ LẸ́RÚ

Nǹkan mìíràn tún wà tí kò yẹ kí a fò kọjá. Àwọn agbésùnmọ̀mí láti ẹ̀yìn ààlà ya wọ ilẹ̀ Numidia tí ó wà ní ìwọ̀-oòrùn Kátéèjì, wọ́n kó àwọn ará ìjọ lẹ́rú, ọkùnrin, obìnrin àti ọmọge. Bíṣọ́ọ̀bù mẹ́jọ níbẹ̀ kọ̀wé sí Kátéèjì. Nígbà tí wọ́n ka ìwé náà, omijé bọ́ lójú wọn. Wọ́n dá owó jọ títí ó fi pé 100,000 sestertius, èyí tí í ṣe owó Róòmù, wọ́n sì fi ránṣẹ́ láti ra àwọn ará náà padà. Cyprian kọ orúkọ àwọn tí ó dá owó mọ́ ìwé náà, kì í ṣe kí a lè yìn wọ́n, bí kò ṣe kí a lè rántí wọn nínú àdúrà. Àwa tí a mọ ohun tí ìkólẹ́rú ṣe ní etí òkun wa níhìn-ín, ó yẹ kí a mọ ìyì irú ọrẹ bẹ́ẹ̀.

ÌJÀ RẸ̀ PẸ̀LÚ BÍṢỌ́Ọ̀BÙ RÓÒMÙ

Ní ọdún 255 àti 256, àríyànjiyàn dé láàrin òun àti Stephen, bíṣọ́ọ̀bù Róòmù. Ìbéèrè náà ni pé: ẹni tí àwọn tí ó ya kúrò nínú ìjọ rì bọmi, bí ó bá fẹ́ wá sínú ìjọ, ṣé kí a tún un rì? Stephen ní rárá, kí a gbé ọwọ́ lé e lórí nìkan. Cyprian ní kí a rì í, nítorí kò sí ìrìbọmi níta ìjọ. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún 256, bíṣọ́ọ̀bù 87 ni èrò wọn wà nínú ìwé ìpàdé Kátéèjì, gbogbo wọn sì gbè é lẹ́yìn. Síbẹ̀, lẹ́yìn ikú rẹ̀, ọ̀rọ̀ Stephen ni àwọn ìjọ ìwọ̀-oòrùn tẹ̀ lé, ìpàdé Arles ní ọdún 314 sì fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ṣe àkíyèsí: Cyprian sọ èrò rẹ̀ gbangba, kò sì lé ẹnikẹ́ni jáde nítorí pé èrò onítọ̀hún yàtọ̀.

BÍ Ó ṢE PARÍ ERÉ ÌJE RẸ̀

Ní ọdún 257, Késárì Valerian tún gbé ìdà sí ìjọ. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹjọ, wọ́n mú Cyprian lọ síwájú gómìnà Paternus. Ó ní onígbàgbọ́ ni òun, bíṣọ́ọ̀bù sì ni òun. Wọ́n bi í ní orúkọ àwọn alàgbà rẹ̀. Ó kọ̀, kò dá orúkọ ẹnikẹ́ni. Wọ́n lé e lọ sí ìlú kékeré kan tí ń jẹ́ Curubis, létí òkun.

Pontius tí ó bá a lọ sọ ìran tí ó rí ní alẹ́ àkọ́kọ́ níbẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ga ju ènìyàn lọ mú un lọ síwájú gómìnà. Gómìnà kò sọ̀rọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà fi ọwọ́ júwe fún un pé ìdà ni wọn yóò fi pa á. Cyprian bẹ̀bẹ̀ fún ọjọ́ kan péré láti tún ilé rẹ̀ ṣe, wọ́n sì fún un. Ẹ gbọ́ o: ọjọ́ kan náà di ọdún kan gééré. Ó fi ọdún náà tún ilé ṣe lóòótọ́, ó ń pín ohun ìní rẹ̀ fún àwọn tálákà.

Ní ọdún 258, àṣẹ tuntun jáde pé kí wọ́n pa àwọn bíṣọ́ọ̀bù, alàgbà àti díákónì. Nígbà tí gómìnà tuntun, Galerius Maximus, wà ní ìlú Utica, ó ránṣẹ́ pé kí wọ́n mú Cyprian wá síbẹ̀. Cyprian tún fi ara pamọ́. Èé ṣe? Ó kọ̀wé sí ìjọ rẹ̀ pé ó yẹ kí bíṣọ́ọ̀bù kú láàrin àwọn ènìyàn rẹ̀, ní ìlú rẹ̀. Nígbà tí gómìnà padà dé, Cyprian ti wà nínú ọgbà rẹ̀ tí ó ń dúró. Wọ́n mú un ní ọjọ́ 13 oṣù kẹsàn-án. Ní alẹ́ náà ọ̀pọ̀ ará sùn sí ẹnu ọ̀nà ilé ìjòyè tí ó mú un. Ikú ń bọ̀ lọ́la, síbẹ̀ ohun tí bíṣọ́ọ̀bù ń rò ni pé kí wọ́n ṣọ́ àwọn ọmọge tí ó wà níta nínú òkùnkùn, kí ohun kóhun má ṣe wọ́n.

Ní ọjọ́ 14, gómìnà ní kí ó rúbọ. Ó kọ̀. Gómìnà ní kí ó ro ara rẹ̀ wò. Ó ní nínú ọ̀ràn tí ó tọ́ tó báyìí, kò sí ohun tí ènìyàn ń rò. Wọ́n ka ìdájọ́: ìdà. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Àwọn ará pariwo pé kí wọ́n bẹ́ àwọn náà lórí pẹ̀lú rẹ̀.

Wọ́n mú un dé pápá Sextus. Ó bọ́ agbádá rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó gbàdúrà. Ó bọ́ ẹ̀wù kejì, ó fi í fún àwọn díákónì, ó sì dúró nínú aṣọ ọ̀gbọ̀ nìkan. Ó ní kí wọ́n fún ẹni tí yóò pa òun ní owó wúrà 25. Àwọn ará tẹ́ aṣọ sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ di ojú rẹ̀. Báyìí ni ó ṣe sùn nínú Olúwa, òun ni bíṣọ́ọ̀bù Kátéèjì àkọ́kọ́ tí ó kú ikú ajẹ́rìí. Lóru, àwọn ará gbé e lọ sin pẹ̀lú àbẹ́là àti ògùṣọ̀, àti àdúrà.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní 260, ọba Páṣíà mú Késárì Valerian lójú ogun, ìgbèkùn ni ó sì kú sí. Ọmọ rẹ̀ Gallienus dá inúnibíni dúró.

ÌWÉ TÍ Ó FI SÍLẸ̀

Cyprian kọ ìwé nípa ìṣọ̀kan ìjọ, nípa àdúrà Olúwa, nípa ìtọrẹ àánú, nípa sùúrù, nípa owú àti ìlara. Ìwé ìkíni àti ìmọ̀ràn 81 ni a kó jọ lábẹ́ orúkọ rẹ̀. Òun ni ó kọ púpọ̀ jùlọ nínú wọn. Nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀ lórí àdúrà Olúwa, ó ní a kò kọ́ wa láti pe Ọlọ́run ní Bàbá mi, bí kò ṣe Bàbá wa. Nítorí náà ẹni tí ó bá kúnlẹ̀ gbàdúrà, gbogbo ìjọ ni ó ń gbàdúrà fún. Augustine, bíṣọ́ọ̀bù Hippo, ọmọ Áfíríkà bíi tirẹ̀, ń wàásù ní ibojì rẹ̀ ní ohun tí ó lé ní 100 ọdún lẹ́yìn náà.

Ẹ̀KỌ́ FÚN WA

1. Kò sí pẹpẹ Decius láàrin wa lónìí, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù wà. Ọmọ ń ṣàìsàn, oògùn kò ràn án, ìyá rẹ̀ bá gba ẹ̀yìnkùlé lọ rúbọ. Nígbà tí ó yá, ojú tì í, kò wá sí ìjọ mọ́. Ta ni ó lọ wò ó? Bí ó bá jẹ́ ẹ̀gàn ni yóò bá ní ẹnu ọ̀nà, àwa ni Novatian. Bí ó bá jẹ́ pé a rí i, tí a ṣe bí ẹni tí kò rí i, tí a ní kí ó máa kọrin lọ, àwa ni Felicissimus.

2. Ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ẹjọ́ kí a tó dá a. Ohun tí ó mú ẹnìkan ṣubú kọ́ ni ó mú ẹnìkejì ṣubú.

3. Ẹni tí ó dúró kò gbọdọ̀ ta ìdúró rẹ̀. Àwọn olùjẹ́wọ́ jìyà lóòótọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn kan fi ìyà wọn di ọ̀gá lórí ìjọ, wọ́n dá ìjà sílẹ̀.

4. Ìlara alàgbà márùn-ún ni ó ya ìjọ Kátéèjì, nítorí oyè. Kí àwa àgbà ìjọ fi èyí sọ́kàn.

5. Nígbà àrùn, ìjọ kì í ti ilẹ̀kùn mọ́ aládùúgbò.

ÌBÉÈRÈ FÚN KÍLÁÀSÌ

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàrin ẹni tí ó rúbọ àti ẹni tí ó ra ìwé ẹ̀rí? Ṣé méjèèjì dẹ́ṣẹ̀?
2. Cyprian sá ní 250, kò sá ikú ní 258. Kí ni ó yàtọ̀?
3. Pétérù sẹ́ Olúwa. Báwo ni Olúwa ṣe gbà á padà nínú Jòhánù 21?
4. Ta ni a mọ̀ ní ìjọ wa tí kò wá mọ́ nítorí ìtìjú? Ta ni yóò lọ sí ilé rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí?

Ẹ má dáhùn ìkẹrin yìí ní gbangba. Ẹ fi ẹsẹ̀ dáhùn rẹ̀.

Kí Ọlọ́run tí ó gbé Pétérù dìde fún wa ní ọwọ́ méjèèjì, èyí tí a fi ń báni wí àti èyí tí a fi ń fani mọ́ra. Àmín.